Ta Ni Yóò Dúró fún Ọwọ́ Mi ní Laurel?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin oníbàárà mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kó aṣọ Iléyá sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi tí ẹ wá gbọ́ pé aránṣọ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, mo kí yín o. Mo ti dé. Aṣọ yín wà níbi tí ẹ fi í sí, eku kò kàn án. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Amẹ́ríkà ṣe rí, tí èmi náà ń dá yín lóhùn pé ó tutù. Òótọ́ ni, ó tutù, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀lẹ nìyẹn. Mo wá jókòó báyìí láti sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ìwé tí mo kà kò jìn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí bírò mi ti yà kúrò lójú ìlà, kó bá mi fi abẹ́rẹ́ gán an.

N kò lọ wá iṣẹ́, n kò sì lọ ṣe fàájì. Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ rí lọ́hùn-ún, ìyókù ara mi kàn tẹ̀lé e lọ ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí Gàníyù àbúrò mi, tó ń gbé ní Maryland, tí Ọlọ́run gbà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn àìsàn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ níbẹ̀, tí kò tíì gbéyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ṣíà. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ó sì kọ tèmi tì í. Ó ní ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì lòun fi rìn dé yunifásítì, nítorí náà ẹni tó bá máa pe orúkọ òun níbẹ̀, kó pe tèmi náà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iyì lásán ni, bí èyí tí àwọn awakọ̀ ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀. Àfìgbà tí Gàníyù kú, tí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ṣíà sọ pé nínú orúkọ méjèèjì, ẹni tó ṣẹ́kù láyé ló ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò béèrè ìyàwó, wọn kò béèrè ọmọ.

Ìyàwó wà, ọmọ sì wà. Sàfúrátù ni ìyàwó, obìnrin méjì sì ni ọmọ, Kúdírá àti Mọnsúrà. Ṣíà yìí nìkan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ tó lè mú wọn kàwé dé ibi tó ní lọ́kàn. Èmi fẹ́ yí i sí orúkọ ìyá wọn. Mo rò pé kí n fọwọ́ síwèé ni, ó bùṣe. Mo fọwọ́ sí i ní Ìbàdàn, mo gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní òǹtẹ̀ kóòtù kọ́ ni àwọn ń wí. Báńkì tó wà nílẹ̀ tiwọn ló gbọ́dọ̀ wo ojú mi, kó wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, kó wá lu òǹtẹ̀ kan tó jẹ́ ti irú iṣẹ́ yẹn nìkan. Báńkì tó bá lu òǹtẹ̀ náà ti sọ ara rẹ̀ di onídùúró mi. Bó bá di ọ̀la tí wọ́n ní ayédèrú ni ọwọ́ yẹn, òun ni yóò rù ú.

Kí n tó lọ, Bàbá Àgbà agbo ilé wa pè mí sí yàrá. Wọ́n ní, "Múráínà, ohun tí orúkọ rẹ bá wà lórí rẹ̀, tìrẹ ni. Obìnrin lè fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́la. Gbé e bọ̀ wálé ká jọ pín in."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Àtẹ̀gùn tó ń rìn

N kò ní fi ọ̀rọ̀ òfuurufú dá yín dúró pẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo di bẹ́líìtì mú láti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra títí ó fi balẹ̀, àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbé ọkọ̀ náà dání. Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ bi mí bóyá ara mi le. Mo mi orí nìkan, torí pé eyín mi ń ṣiṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Níbi tí a ti sọ̀kalẹ̀, mo rí àtẹ̀gùn irin kan tó ń rìn fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bọ́ sórí rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ sórí pèpéle ilé ìyá wọn. Èmi dúró bí àgbò tó rí gọ́tà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo dá a padà. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kọjá, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Ìyá òyìnbó arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn wò mí títí, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn na ìgúnpá rẹ̀ sí mi. Mo di ìgúnpá náà mú, a jọ bọ́ sórí irin, ó sì mú mi sọ̀kalẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń mú relé ọkọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń ṣàdúà fún un títí di òní, Ọlọ́run mọ ìyá tí mo ń wí.

Sàfúrátù ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sáàárín èrò. Ó ní, "Bùọ̀dá Aránṣọ, ẹ káàbọ̀." Àwọn èèyàn ń ṣàn kọjá lọ́tùn-ún lósì wa bí omi tó bá òkúta pàdé. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọlé ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ará ọkọ, òun ló fúnra rẹ̀ wá orúkọ yẹn fún mi. Nílé níbí, n kì í gbọ́ ọ mọ́, ó ti mọ́ mi létí. Lọ́jọ́ yẹn, nínú òtútù yẹn, bí ẹni da aṣọ gbígbóná bò mí ni.

Àwọn ọmọ ní, "Háì, Ọ́ńkù." Ìyá wọn ṣẹ́jú sí wọn. Wọ́n rọ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wo omi bóyá ó tutù. Ẹ̀rín pa mí. Gàníyù gan-an ni Kúdírá jọ níbi imú.

Oúnjẹ inú páálí

Laurel, ìlú kan ní Maryland, ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń dé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Sàfúrátù ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ, tí àwọn ọmọ náà ti lọ sílé ìwé, ó ku èmi àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tó máa ń kùn nínú ògiri bí ìyàwó àgbà tí wọ́n fi nǹkan dù. Ọjọ́ kìíní, mo dáhùn. Mo rò pé èèyàn ni.

Iyán wọn, inú páálí ló ń gbé. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n lọ̀ kúnná. Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ rò ó, ó ti di iyán. Òkèlè àkọ́kọ́ ti wọ ikùn kí n tó mọ̀ pé mo gbé e. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọbẹ̀ náà dára. Èmi tí mo ti ń sọ fún yín pé koríko ni wọn yóò fún mi jẹ, ṣòkòtò tí mo rán fúnra mi kò gbà mí mọ́ kí n tó padà.

Ìwà wọn lójú pópó, mo kọ́kọ́ bínú sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò rẹ́rìn-ín sí ọ, yóò bi ọ́ pé báwo ni nǹkan. Èmi yóò dúró, n ó gbé ọwọ́ lé àyà, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé, ó ti yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ìkíni náà kò fẹ́ ìdáhùn, ó kàn ń sọ fún ọ pé òun kì í ṣe ọ̀tá ni. Àfi ọkùnrin dúdú kan tó ń pín lẹ́tà. Òun máa ń dúró. Èmi a sọ tèmi ní Yorùbá, òun a sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó jọ mi orí, a ó pínyà. Ó wú mi lórí.

Lọ́jọ́ kan mo rí yẹ̀rì Mọnsúrà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ dànù, torí pé etí rẹ̀ tú. Mo bèèrè abẹ́rẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́ nílé àbúrò aránṣọ o! Sàfúrátù ra abẹ́rẹ́ àti òwú wá, mo sì jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Kúdírá wá jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo aṣọ tó ya nílé wá, ó sì jọ pé ó fa àwọn kan ya fúnra rẹ̀. Èdè wa kò bára mu, abẹ́rẹ́ ló ń túmọ̀. Bó ti ń ki òwú bojú abẹ́rẹ́, ó yọ ahọ́n síta bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe.

Ohun kan wà tí Sàfúrátù kò béèrè lọ́wọ́ mi. Kò béèrè pé ṣé ọkàn mi kò tíì yí padà. Bàbá Àgbà ti fóònù sí i láti ilé kí n tó dé, wọ́n ní kó má fi ojú sí nǹkan kan títí ẹbí yóò fi jókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn rẹ̀ nípa bó ṣe ń gbé oúnjẹ fún mi. Ó ń gbé e bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún adájọ́. N kò sì sọ nǹkan kan fún un, torí pé ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ sọ, ẹ̀rù ń bà mí kí n má fi ẹnu bà á jẹ́.

Ọwọ́ tó ṣáájú ojú

Gàníyù ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Lúkúmọ́ọ̀nù, ọmọ Ọ̀yọ́, ilé rẹ̀ wà ní Springdale. Ó ní òun yóò mú mi lọ sí báńkì tí òun ń lò, ilé ńlá onígíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀rù tó ń bà mí. Ọwọ́ mi yìí tí ẹ ń wò, kì í gbọ̀n lórí sísọ́ọ̀sì. Mo lè gé léèsì tó wọ́n ju ọ̀ṣọ́ ìyàwó lọ, kí n máa fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní bírò, kí ẹ sọ pé kí n fọwọ́ síwèé níwájú ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Mo wá rò ó pé n kò ní dójú ti ìran wa níwájú òyìnbó. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo ṣe bísímílà, mo rọra fọwọ́ sí i. Ó dára. Mo fi ìrù gígùn sí i lẹ́yìn, ó yí po bí ìrù alákẹdun. Mo ká a sápò, ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ kan ni wọ́n mú wa lọ bá. Ó wo ìwé, ó wo èmi, ó ní kí Lúkúmọ́ọ̀nù bi mí pé nígbà wo ni mo fọwọ́ sí i. Mo fi ìgbéraga sọ fún un pé mo ti parí ẹ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ó fi ìka kan ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá obì tó kú padà fún olóbì. Ó ní ohun tí ojú òun kò rí, òun kò lè dúró fún un. Ó ní bí mo bá tiẹ̀ tún mú òmíràn wá, báńkì àwọn kì í ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe oníbàárà, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ó bẹ̀ wá, ó tún bẹ̀ wá, ó ní ká mú súwíìtì nínú abọ́ tó wà lórí tábìlì. Mo mú ọ̀kan. Ojú tì mí ju kí n kọ̀ ọ́ lọ.

Nínú ọkọ̀, Lúkúmọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni àlejò tó yó tán kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá."

Inú bí mi títí a fi délé. Mo ń sọ pé irú ilẹ̀ wo rèé, tí èèyàn yóò wà láàyè, tí yóò mú pásípọ́ọ̀tù dání, tí wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo bọ́ bàtà ni mo wá bi ara mi léèrè: bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ojú rẹ̀ ni mo ń wò gbà á? Ṣebí n ó ní kó lọ mú ẹni tó mọ agbo ilé bàbá rẹ̀ wá, kó wá dúró fún un. Ta ni yóò fún àjèjì nílé gbé ní Ìbàdàn láìsí onídùúró? Àwọn òyìnbó náà ṣe bí a ti ń ṣe ni. Àwa kàn ń fi ẹnu ṣe é, àwọn ń fi òǹtẹ̀ ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn n kò bínú sí wọn mọ́.

Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ṣíà tún fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Bó ṣe dé, Kúdírá kó gbogbo bírò inú ilé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó sì fi Yorùbá díẹ̀ tó ní sọ pé, "Ọ́ńkù, ẹ má ṣe é." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé.

Àgbò Accokeek

Mo ní mo fẹ́ ṣe sàráà fún Gàníyù kí n tó lọ. Lúkúmọ́ọ̀nù bá wà mí lọ sí Accokeek lọ́jọ́ Sátidé kan, níbi tí ilé ti jìnnà sí ilé, tí igbó àti oko wà láàárín wọn. N kò mọ̀ pé irú igbó bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Ara mi balẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ejò, ìbẹ̀rù ilé gidi.

Bàbá òyìnbó kan ló ń sin àgbò níbẹ̀, tó sì máa ń tà á fún àwọn Mùsùlùmí. Ó fi wá sílẹ̀ ká pa á bí ẹ̀sìn wa ti wí, ó dúró lókèèrè. Ó bi Lúkúmọ́ọ̀nù pé ayẹyẹ kí ni. Lúkúmọ́ọ̀nù sọ fún un pé nítorí àbúrò bàbá yìí tó ti kú ni. Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lórí pípá, kò sì dé e padà títí a fi ṣe tán. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó gbé ẹyin adìẹ ka orí itan mi nínú ọkọ̀, ó ní fún àwọn ọmọ olóògbé. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣe fún un?

A ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà padà kí Lúkúmọ́ọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i fún un ni, àbí ẹ máa gbé e lọ sílé?"

Mo ní, "Ta ló ní kí o bi mí?"

"Èmi ni. Òun kò lè béèrè láéláé."

Mo wo ẹyin tó wà lórí itan mi. Mo ní, "Orúkọ mi tí Gàníyù kọ síbẹ̀, àga ló gbé fún mi. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá jókòó. Ẹni tí wọ́n gbé àga fún, tó bá tó àkókò, yóò dìde. Kì í gbé àga náà rù lọ sílé rẹ̀."

Lúkúmọ́ọ̀nù dín eré kù. Ó kàn ń wakọ̀ rọra, nítorí ẹyin.

Orúkọ mi

Báńkì kékeré kan wà ní Laurel, ilé oníbíríkì pupa, tí Gàníyù àti Sàfúrátù ti ń lò látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni Sàfúrátù mú mi lọ. Mánijà wọn obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó bá Sàfúrátù kẹ́dùn. Ó ní òun rántí ọkọ rẹ̀, pé kì í wọlé láìkí gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé Gàníyù tiwa ló ń wí.

Ó ka ìwé náà, ó wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó pa á dé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó wá bá Sàfúrátù sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ tìrọ̀rùn débi pé èmi náà ń gbá díẹ̀díẹ̀ mú. Ó ní báńkì kò mọ ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n báńkì mọ ìwọ, ó mọ ọkọ rẹ. Ìwọ sì ni wọ́n ń yí nǹkan yìí fún, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni tó ni ín ló wà níwájú mi. Bí o bá lè dúró fún un, èmi yóò dúró fún un nítorí tìrẹ.

"Ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mà."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Sàfúrátù ní, "Bùọ̀dá Aránṣọ."

Mánijà ṣí pásípọ́ọ̀tù, ó wò ó, ó pa á dé. Ó ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an lòun ń béèrè.

Sàfúrátù wo ilẹ̀. Ó wò mí fìrí, ó tún wo ilẹ̀. Ó ti kọ orúkọ mi sórí lẹ́tà rí, ṣùgbọ́n kíkọ kì í ṣe pípè. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, "Bàbá Ràsáàkì" ló sọ, orúkọ àkọ́bí mi, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè mí. Kò sí Ràsáàkì nínú pásípọ́ọ̀tù náà.

Èmi rí ojú obìnrin yẹn bó ṣe yí padà. Kò bínú o. Ó kàn rọra mú ìdérí bírò, ó dé e padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìró ìbọn rí, ẹ kò tíì gbọ́ ìró ìdérí bírò. Mo rí i pé lójú rẹ̀, obìnrin kan ti mú ọkùnrin kan wá láti ìta, tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, pé kó wá fọwọ́ síwèé òkú. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, n ó ti pe ọlọ́pàá. Mo la ẹnu láti sọ orúkọ ara mi. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi: kì í ṣe ẹ̀yin, sà. Òun ni.

Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, mo ti fi àwọn tó kù pa yín lẹ́rìn-ín, èyí kò pani lẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀nà tí mo rìn, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ méjì, ó ti kù sórí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá ti kọ́ ọmọbìnrin kan láti kékeré pé kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Sàfúrátù. Pè é. Mo yọ̀ǹda fún ọ. Gàníyù náà yọ̀ǹda."

Ó yọ́ kúrò lórí àga. Ó kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì báńkì yẹn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Mánijà dìde, ó rò pé òòyì ló kọ́ ọ. Sàfúrátù ní, "Ẹ forí jì mí, Bùọ̀dá Aránṣọ." Ó wá gbé ojú sókè sí obìnrin náà, ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó ti há sórí pẹ́: "Múráínà. Múráínà Àkànmú Adébíyìí."

N kò tíì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dùn. Bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mí lórúkọ ni.

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, pé nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ará ọkọ, pé òun mọ̀ ọ́n, òun kò kàn pè é rí. Mánijà yí tábìlì po wá. Ó fà á dìde, ó gbé e jókòó. Ó ní ìyá ìyá òun ní Carolina, títí wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀, "Mísítà" ló ń pè é. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun rò pé orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn.

Ó ṣí ìdérí bírò. Ó yí ìwé sí mi. Ó ní kí n fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé wa.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. N kò ní parọ́ fún yín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dà bí ìyarun tó ká léyín. Mo wá rántí ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé ẹni tó ń gé aṣọ kì í wo sísọ́ọ̀sì, ojú ìlà ló ń wò. Mo wo ojú ìlà, mo kọ ọ́ dópin. Kò ní ìrù alákẹdun lẹ́yìn. Èyí tó dára jù, òun ni mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kò lẹ́rìí. Wọ́gọwọ̀gọ yìí ni báńkì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i, aláwọ̀ ewé, ó fọwọ́ tirẹ̀ sí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nínú ọkọ̀, Sàfúrátù kò tètè ṣíná sí i. Ó ní, "Bùọ̀dá Aránṣọ, ẹ má bínú."

Mo ní, "Nítorí kí ni?"

"Nítorí orúkọ."

Mo ní, "Orúkọ náà kò bínú. Wa ọkọ̀, ebi iyán inú páálí ń pa mí."

Ilé

Bàbá Àgbà bi mí pé kí ni mo gbé bọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ àga fún wọn. Inú wọn kò dùn sí i, n kò ní tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣépè. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀." A ṣì ń kíra. Ẹ bá mi máa bẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ní tèmi, ọpẹ́ ló kù lẹ́nu mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó na ìgúnpá sí mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ṣí fìlà nítorí òkú tí kò mọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ti ìwé mi padà pẹ̀lú ìka kan tó sì fún mi ní súwíìtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó lu òǹtẹ̀. Àjèjì ni mo jẹ́ fún gbogbo wọn, wọn kò jẹ́ kó dùn mí.

Lọ́jọ́ kan tí mo dé tán, ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní fóònù, ké sí mi. Ẹ mọ̀ pé aránṣọ pọ̀ ládùúgbò wa. Ó di ẹnu fóònù náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Obìnrin kan ló ń pè láti Amẹ́ríkà, ó fẹ́ bá aránṣọ sọ̀rọ̀. Mo ní aránṣọ wo, kí lorúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ó ní kí n ṣáà sọ pé ìyàwó Gàníyù ni. Ó jọ pé kò mọ orúkọ yín."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n."